Rìsífà kan ṣoṣo fún fíìmù àwọn ọmọ àti fún àwo orin bàbá yín

Ìbéèrè tó délẹ̀ rèé, mo kàn gé e kúrú ni: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Àkóbọ̀ ni mo ń gbé, n'Ìbàdàn níbí. Bàbá mi fi àpótí àwo orin kan sílẹ̀ fún mi, ti Haruna Ishola, Yusuf Olatunji, Ebenezer Obey àti Sunny Ade, mo sì fẹ́ máa gbọ́ wọn dáadáa ní pálọ̀. Àwọn ọmọ ní tiwọn ń béèrè home theater tí wọ́n á fi máa wo fíìmù, tí wọ́n á fi máa gbá géèmù. Owó mi ò ká ẹ̀rọ méjì. Ọlọ́jà kan ní Queen Cinema fi ọ̀kan hàn mí tí wọ́n kọ 1000W sí lára. Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé kò sí rìsífà home theater tó lè kọrin, pé áńpù stereo ni kí n rà. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ṣé òótọ́ sì ni pé wáyà olówó gọbọi máa ń jẹ́ kí orin dùn sí i?”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbọ́ ti ọlọ́jà yẹn rárá, ẹ sì gbọ́ ìlàjì nínú ọ̀rọ̀ bọ̀dá yín. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì fún yín, orin ò sì ní fara gbá a. Ibi tí owó bá lọ ló ṣe pàtàkì. Sípíkà méjì tó máa dúró níwájú ni kó jẹ owó jù, kí rìsífà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ohùn wọlé tó sì ń pín in fún àwọn sípíkà, tẹ̀ lé e. Sípíkà ẹ̀yìn, ti àárín àti wúfà tó ń gbé báàsì lè dúró di ìgbà tí owó mìíràn bá wọlé. Òdìkejì èyí ni mo máa ń bá nílé àwọn ènìyàn: páálí kan ṣoṣo tí sípíkà mẹ́fà wà nínú ẹ̀, tí ìka méjì lè gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nílẹ̀.

Kí ló dé tí bọ̀dá yín fi sọ ohun tó sọ? Nínú áńpù stereo, ọ̀nà tààrà ni ohùn tó ti inú ẹ̀rọ àwo wá ń gbà: ó wọlé, áńpù gbé e sókè, ó jáde sí sípíkà. Ti rìsífà home theater yàtọ̀. Bí ohùn bá ti wọlé, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ sọ ọ́ di nọ́ńbà, á fi nọ́ńbà yẹn ṣe ìṣirò, bíi báàsì wo ló yẹ kó lọ sí wúfà àti bí sípíkà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ẹni tó jókòó, lẹ́yìn náà ló máa tó dá a padà sí ohùn, kó wá gbé e sókè. Láyé ọjọ́un, yíyí tó ń yí i po yìí máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ orin. Lóde òní iṣẹ́ náà ti mọ́ débi pé ẹni tí wọ́n bá bò lójú, tó sì lè fi etí nìkan mọ ìyàtọ̀, ṣọ̀wọ́n gan-an.

Ohun tó ń ba orin jẹ́ lára rìsífà ni àwọn ètò àfikún tí wọ́n fún lórúkọ bíi Hall àti Stadium. Ẹni tó bá wá tò ó fún yín á ti tẹ ọ̀kan nínú wọn, tàbí kó tẹ All Channel Stereo, kí gbogbo sípíkà lè máa dún, kí ẹ lè rí i pé owó yín ò ṣòfò. Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn Haruna Ishola á máa ta gbọ̀ọ̀ngbọ̀ọ̀n láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pálọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún lẹ́yìn orí yín, ẹ ò sì ní mọ ibi tí àgídìgbo wọlẹ̀ sí. Àlejò tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ á pariwo káàkiri pé rìsífà ò lè kọrin. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló sì fa gbogbo ẹ̀.

Tó bá di àkókò orin, ẹ wá Stereo, Direct tàbí Pure Direct lórí rìmóòtù. Stereo ń lo sípíkà méjì iwájú pẹ̀lú wúfà bó bá wà, ìṣirò báàsì sì ń bá a lọ. Pure Direct, tí Yamaha, Denon àti Marantz ń fi sára ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọn, á gé ìṣirò kúrò, á pa apá tó ń bójú tó àwòrán, á sì pa iná ojú ẹ̀rọ. Ẹni tí sípíkà iwájú rẹ̀ bá tóbi tó máa gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí sípíkà yín bá kéré, tó jẹ́ pé wúfà ló ń bá a gbé báàsì, lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Pure Direct á pa wúfà náà lẹ́nu mọ́, orin á sì fẹ́lẹ́. Stereo lásán ló dáa fún irú sípíkà bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín.

Ibi tí bọ̀dá yín ti jàre ni ọ̀rọ̀ owó. Bí áńpù stereo àti rìsífà bá jẹ́ iye kan náà, inú ṣánẹ́ẹ̀lì méjì, ìyẹn ọ̀nà ohùn kan fún sípíkà kọ̀ọ̀kan, ni gbogbo owó áńpù wà. Owó rìsífà ti pín sí ṣánẹ́ẹ̀lì márùn-ún tàbí méje, ó pín sí ihò HDMI tí àwòrán àti ohùn ń gbà, ó pín sí owó àṣẹ tí wọ́n ń san fún Dolby àti DTS, àwọn tó ni ọgbọ́n ohùn fíìmù. Ìdí nìyẹn tí rìsífà tó kéré jù nínú ọjà ilé iṣẹ́ kan kì í fi í sábà jẹ́ èyí tó máa tẹ́ olórin lọ́rùn. Ẹ gòkè ní ìpele kan tàbí méjì. Bí ìyẹn bá ju agbára yín lọ, fún orin, tòkunbọ̀ tó wá láti ìpele òkè sàn ju tuntun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tòkunbọ̀ ní ewu tirẹ̀, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sábà mẹ́nu bà: rìsífà stereo tó ní HDMI. Marantz NR1200 àti Denon DRA-800H, tí àwọn méjèèjì jáde ní 2019, jẹ́ irú ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n, díkódà àti géèmù ló máa gba inú ẹ̀ kọjá, ó ní ihò tiẹ̀ fún ẹ̀rọ àwo, àmọ́ ohùn méjì iwájú àti wúfà nìkan ló ń gbé jáde. Kò sí ohùn ẹ̀yìn. Ní tèmi o, fíìmù tí mo bá fi sípíkà gidi méjì wò tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tí sípíkà oníke mẹ́fà ń pariwo ẹ̀. Àwọn ọmọ lè máà gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti ń sún mọ́ JAMB, ẹ rò ó dáadáa, torí láìpẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà ní pálọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ṣì kéré, ẹ ra oníṣánẹ́ẹ̀lì márùn-ún, kí àlàáfíà lè wà.

Ó wá kan 1000W. Ẹ mọ bí àwọn tó ń ta gàrí ṣe lè ti ìsàlẹ̀ kọ́ńgò wọnú, tí kọ́ńgò á kún dé ẹnu síbẹ̀ tí gàrí ò ní pọ̀. Àwọn tó ń kọ wáàtì sára páálí náà mọ ìdí kọ́ńgò tì wọnú. Wọ́n lè wọn ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo nígbà tí àwọn yòókù ń sinmi, kí wọ́n wá fi iye ṣánẹ́ẹ̀lì sọ nọ́ńbà yẹn di púpọ̀. Wọ́n lè fi ohùn kan ṣoṣo wọ̀n ọ́n, ìyẹn 1kHz, dípò kí wọ́n fi gbogbo ohùn láti 20Hz, báàsì ìsàlẹ̀ pátápátá, dé 20kHz, ohùn tó tín-ín-rín jù, wọ̀n ọ́n. Báàsì sì ni iṣẹ́ tó nira jù fún áńpù. Wọ́n tún lè jẹ́ kí ohùn ya dé 10% kí wọ́n tó ka iye wáàtì, ohùn tó sì ti ya tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ máa ní kí wọ́n pa á. Ti PMPO, ìyẹn wáàtì ìpolówó tí wọ́n ń kọ sára páálí, ò tiẹ̀ ní kọ́ńgò kankan nínú, ẹnu lásán ni. Nítorí irú ìwà yìí ni Amẹ́ríkà ṣe ṣe òfin lórí bí wọ́n ṣe ń kéde agbára áńpù ní 1974, tí wọ́n tún un ṣe ní 2024 kó lè ká rìsífà home theater mọ́. Ọwọ́ òfin ọ̀hún ò dé Queen Cinema.

Ohun tí ẹ fẹ́ rí nínú ìwé ẹ̀rọ ni gbólóhùn tó rí báyìí: 80W, 8 ohms, 20Hz–20kHz, 0.08% THD, 2 channels driven. Gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kà, kì í ṣe 80 nìkan: ohms ni bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó, THD ni bí ohùn ṣe ya tó, 2 channels driven sì ni pé ṣánẹ́ẹ̀lì méjì jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ tó kọ èyí sínú ìwé lè kọ 150W gàdàgbà sára páálí, tí wọ́n á fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ 6 ohms, 1kHz, 10%, 1ch sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni. Bí gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì méje bá jọ ń ṣiṣẹ́, 80W yẹn náà á wálẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò kan àwo bàbá yín. Ohùn méjì ló wà lára àwo, nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣánẹ́ẹ̀lì méjì wọ̀n ló sì bá a mu.

Wáàtì mélòó wá ni pálọ̀ Àkóbọ̀ nílò? Kò tó bí ẹ ṣe rò. Tí ẹ bá ń gbọ́ orin tí ẹ sì ń bá ara yín sọ̀rọ̀, wáàtì kan tàbí méjì ni sípíkà kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ìyókù wà ní ìpamọ́ fún ìgbà tí onílù bá dédé fa ìlù ya. Kí wáàtì di ìlọ́po méjì, 3dB péré ló ń fi kún ohùn (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ń dún tó), ìyẹn ni pé etí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ 50W sí 100W. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, wáàtì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ wá wo ẹ̀yìn sípíkà tàbí ìwé rẹ̀: ẹ máa rí nọ́ńbà kan tó ń sọ bó ṣe ń dún tó tí wọ́n bá fún un ní wáàtì kan, bíi 86dB tàbí 90dB. Sípíkà 90dB tí wọ́n so mọ́ áńpù 50W ń dún ju sípíkà 86dB tí wọ́n so mọ́ 100W lọ. Ìdí kan nìyí tí mo fi ní kí sípíkà jẹ owó ju rìsífà. Ẹ tún wo ohms rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rìsífà ń fẹ́ 6 sí 8. Sípíkà 4 ohms máa ń fa iná lára ẹ̀rọ ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹ bá sì gbé ohùn sókè níbi ayẹyẹ, ẹ̀rọ á gbóná, á pa ara ẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí ẹ lè ṣe lórí ìdúró ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yí ẹ̀yìn 1000W yẹn síwájú, ẹ ka iye iná tó ń jẹ. Bí wọ́n bá kọ 100W tàbí 120W síbẹ̀, ẹ bi ọlọ́jà léèrè ibi tí 900 tàbí 880 tó kù ti ń wá. Lóòótọ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ kì í sábà jẹ́ òpin ohun tó lè fà látinú iná, nítorí náà ẹ má fi ìyàtọ̀ kékeré bá ẹnikẹ́ni jà. Ìlọ́po mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá nìkan ló yẹ kó lé yín jáde. Ẹ sì gbé ẹ̀rọ náà wò. Tìránsífọ́mà tó ń fún áńpù lágbára, irin àti wáyà bàbà ni, wọn ò lè fi ẹnu sọ ọ́ di wúwo. Rìsífà oníṣánẹ́ẹ̀lì márùn-ún tàbí méje tó dáa máa ń wọ̀n tó kílò mẹ́jọ sókè.

Ní ti àwo orin fúnra rẹ̀, ẹ má gbàgbé láti wo ẹ̀yìn rìsífà bóyá ihò tí wọ́n kọ Phono sí wà níbẹ̀. Ohùn tó ń ti abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ àwo wá kéré gan-an, kì í ju ìwọ̀n mílífóólítì díẹ̀ lọ, ó sì nílò áńpù kékeré tó máa gbé e sókè, tó sì máa dá báàsì tí wọ́n dín kù nígbà tí wọ́n ń gé àwo padà sípò. Àwọn rìsífà àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ní i lápapọ̀. Nínú àwọn tuntun, ọ̀pọ̀ ti yọ ọ́ kúrò. Tí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn ò bá ní i, kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀: áńpù kékeré yẹn wà ní títà lọ́tọ̀, àwọn ẹ̀rọ àwo tuntun kan sì ní in nínú, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí ẹ máa fi yàn án. Kẹ́ ẹ ṣáà má lo méjèèjì pa pọ̀ o. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń kùn húùù, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti ìdí ẹ̀rọ àwo jáde ni ẹ kọ́kọ́ wò, ó yẹ kẹ́ ẹ dè é mọ́ ìdè GND lẹ́yìn rìsífà. Bí díẹ̀ nínú àwo Haruna tàbí Olatunji bá sì jẹ́ èyí tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tí ẹ ń lò fún 33 lù ú. Ilà rẹ̀ fẹ̀ ju ìyẹn lọ, abẹ́rẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwọn àwo àtijọ́ yẹn wúlò fún nǹkan mìíràn. Mono ni púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn ni pé ohùn kan náà gan-an ló ń jáde lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Nítorí náà, tí ẹ bá to sípíkà méjèèjì tán, ẹ fi ọ̀kan sí i, kí ẹ jókòó sí àárín. Ohùn olórin gbọ́dọ̀ dúró ní agbede méjì, níbi tí kò sí sípíkà kankan. Tó bá fì sí apá kan, sípíkà kan ló sún mọ́ yín ju èkejì tàbí àga ló dí ọ̀kan lójú. Tó bá fọ́nká, tí ẹ ò mọ ibi tó ti ń wá, tí báàsì náà sì ti sá lọ, wọ́n ti so wáyà pupa mọ́ ibi dúdú lára ọ̀kan nínú wọn. Mi ò mọ ìdánwò tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbé Obey tó jẹ́ stereo sí i, kẹ́ ẹ máa gbádùn gìtá lọ́wọ́ òsì àti lọ́wọ́ ọ̀tún.

Mo fẹ́ kí ẹ ro ọ̀rọ̀ pálọ̀ yín ju bí ẹ ṣe ń ro ti rìsífà lọ. Àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ ní Àkóbọ̀ àti agbègbè rẹ̀ báyìí, táìsì ni ilẹ̀, POP ni òkè, gíláàsì ńlá ni fèrèsé. Gbogbo rẹ̀ ló ń dá ohùn padà. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín pálọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń ta ríríríí lẹ́yìn àtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni gángan á ṣe máa da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Rọ́ọ̀gì tó nípọn láàárín ẹ̀yin àti sípíkà, kọ́tìnnì tó wúwo, ibi ìkówèésí lára ògiri ẹ̀yìn: ìwọ̀nyí ń tún orin ṣe ju kí ẹ fi owó kún owó rìsífà lọ. Ẹ má ti sípíkà mọ́ igun ilé tàbí kí ẹ há a mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fà á síwájú díẹ̀ kúrò lára ògiri, kí àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tó wà láàárín wọn sí àga yín dọ́gba, kí ojú kékeré tó wà lókè lára sípíkà kọ̀ọ̀kan sì bá etí ẹni tó jókòó dọ́gba. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, kò sí ohun tí mo lè ṣe fún yín.

Máíkì kékeré kan máa ń wà nínú páálí rìsífà fún títún ohùn ilé ṣe. Audyssey ni Denon àti Marantz ń pè é, Yamaha ń pè é ní YPAO, Pioneer ń pè é ní MCACC. Ẹ lò ó lálẹ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti kú, kí ẹ pa fáànù, kí àwọn ọmọ dákẹ́. Tó bá parí, ẹ wọlé lọ wo ohun tó kọ. Ó sábà máa ń pe sípíkà iwájú ní Large, kó sì fi gbogbo báàsì sílẹ̀ fún un. Tí ẹ bá ti ní wúfà, ẹ sọ ọ́ di Small, kí ẹ fi ààlà sí 80Hz, kí báàsì tó bá rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ máa lọ sí wúfà. Ara á tu sípíkà, ohùn olórin á sì mọ́ sí i. Kẹ́ ẹ gbọ́ orin pẹ̀lú ìtúnṣe yẹn àti láìsí i, kí ẹ yan èyí tó wù yín. Fún fíìmù ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ tí mo ní mò ń bọ̀ wá bá wá kù. Iná wa jẹ́ 230 fóólítì, 50Hz. Rìsífà tó bá ti ìlú ọba wá bá a mu. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ń fẹ́ 120, ti Jàpáànì ń fẹ́ 100. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni ẹ ti máa kà á, ẹ má fi ti ẹnu ọlọ́jà ṣe. Tí ẹ bá ki ti Amẹ́ríkà bọ ògiri tààrà, èéfín ló máa fi dá yín lóhùn. Step-down, ẹ̀rọ tó ń dín fóólítì kù, ni wọ́n máa ní kí ẹ fi kún un, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ńṣe ló kàn ń pín iná sí méjì. Bí IBEDC bá gbé 230 wá, nǹkan bí 115 ló ń dé inú ẹ̀rọ. Ìyẹn dáa fún ti Amẹ́ríkà. Fún ti Jàpáànì ó ti pọ̀ jù, ooru á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tí iná bá sì lọ sílẹ̀ dé 170 ní ìrọ̀lẹ́, 85 ló ń dé ibẹ̀, ẹ̀rọ á máa kú á máa jí. Nítorí náà, sítábíláísà ṣáájú, step-down tẹ̀ lé e, kí step-down sì tó ìlọ́po méjì iye iná tí wọ́n kọ sẹ́yìn rìsífà. Rẹ́díò inú ti Jàpáànì tún ní wàhálà tiẹ̀. Láti 76 dé 90 MHz ni FM tiwọn, ti àwọn tuntun dé 95. Amúlùdùn tó wà ní 99.1 àti Splash tó wà ní 105.5 ò lè wọlé síbẹ̀ láé. Ní tèmi, mi ò ní ra ti Jàpáànì àfi bí owó rẹ̀ bá bọ́ sílẹ̀ gan-an.

Bí ẹ bá ń lo ínfátà, ẹ rí i pé wọ́n kọ pure sine wave sára ẹ̀, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń ṣàn geere. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí tìránsífọ́mà rìsífà máa kùn, ẹ sì máa gbọ́ kíkùn náà nínú sípíkà. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ pa á láti ojú ògiri, kí ẹ dúró kí iná tó padà fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ẹ tó tàn án. Bí kíkùn bá wà tẹ́ ẹ ò mọ ibi tó ti ń wá, ẹ yọ wáyà tó ti orí òrùlé wá láti ara díṣì kúrò lẹ́yìn díkódà. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe jẹ́ pé ibẹ̀ ló sábà máa ń wà. Àyè gbọ́dọ̀ wà lórí rìsífà kí ooru lè jáde, ẹ má gbé díkódà lé e. Aáyán náà fẹ́ràn ibi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ máa wo ihò ẹ̀yìn rẹ̀.

Tí ẹ bá padà lọ sí Queen Cinema tàbí ẹ gba Ògùnpa lọ, ẹ mú àwo kan tí ẹ mọ orin inú ẹ̀ dunjú dání, tàbí kí ẹ fi orin náà sórí fóònù pẹ̀lú wáyà, kì í ṣe Bluetooth. Ẹ ní kí wọ́n so sípíkà mọ́ gbogbo ojú ihò ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí bọ́tìnnì ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìsí orin. Bó bá ń ha, ó ti dọ̀tí, ìyẹn ṣeé fọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn fún bíi ìdajì wákàtí, torí ẹ̀rọ tí aṣiṣẹ́ kan ti fi ọgbọ́n dì kì í sábà kú ní ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹ dán HDMI rẹ̀ wò pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ béèrè rìmóòtù rẹ̀ gan-an àti máíkì rẹ̀. Tí ẹ bá rí ihò tí wọ́n kọ Pre Out sí fún iwájú, ẹ fi kún ìdí tí ẹ fi máa rà á: lọ́jọ́ tí owó bá dé, ẹ lè so áńpù stereo gidi mọ́ ọn fún sípíkà méjì iwájú, kí rìsífà máa bójú tó ìyókù. Ohun tí bọ̀dá yín fẹ́ nìyẹn, ẹ ò sì ní ju ohunkóhun nù.

Ti àwọn ọmọ ò le. Kí géèmù àti díkódà wọ inú tẹlifíṣọ̀n, kí tẹlifíṣọ̀n fi ohùn ránṣẹ́ sí rìsífà gba ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí. Bí rìsífà bá ti dàgbà jù fún ìyẹn, wáyà optical, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn, máa gbé Dolby Digital àti DTS oníṣánẹ́ẹ̀lì márùn-ún pẹ̀lú wúfà lọ dáadáa, àwòrán 4K ò sì ní kan rìsífà rárá. Èyí ló mú kí rìsífà àtijọ́ tó lágbára ṣì níyì lónìí.

Wáyà olówó gọbọi ló kù. Kò pọn dandan. Wáyà bàbà onífọ́nrán tó nípọn tó 1.5mm, tí mítà rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, kì í dí iná lọ́wọ́ ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohm lọ ní àlọ àti àbọ̀, níwájú sípíkà 8 ohms ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Bí sípíkà ẹ̀yìn bá jìnnà, ẹ lo 2.5. Ẹ kàn rí i pé bàbà gidi ni. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á, tó bá funfun nínú, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Ẹ sì má jẹ́ kí fọ́nrán pupa kankan kan ti dúdú lẹ́yìn rìsífà. Owó tí wọ́n fẹ́ gbà fún oníwúrà yẹn, ẹ fi ra abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹ̀rọ àwo. Àwo tó ti pẹ́ nínú àpótí tó bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ti jẹ tán máa ha á jẹ́ ni, kò sì sí rìsífà tó lè tún ìyẹn ṣe.